Orúkọ Inú Ọrùn Ẹ̀wù

Ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógójì ni wọ́n fún wa, Glenys,
nínú òkùnkùn ẹ̀yìn ìtàgé, láàárín pákó àti okùn,
kí n bọ́ ìránṣẹ́bìnrin kúrò lára rẹ,
kí n sì wọ ayaba sí ọ lọ́rùn.
Mo fi eyín mú tọ́ọ̀ṣì,
píìnì mẹ́fà tò sí apá ẹ̀wù mi bí eegun ẹja,
ìwọ na apá méjèèjì bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.
O ò sọ̀rọ̀. Èmi náà ò sọ̀rọ̀.
Ooru ara rẹ ló ń sọ fún mi bí orin ṣe lọ.

Ọmọ Grimsby ni ọ́. Bàbá rẹ ń la ikùn ẹja létí òkun,
ọwọ́ rẹ̀ kì í gbóná, àní nígbà ooru pàápàá.
Òkè ṣọ́ọ̀bù alápatà lo ti kọ́ ijó oníbàtà irin,
ọmọ ọdún mẹ́jọ, bàtà àgbàwọ̀
tí o fi ìwé ìròyìn há níwájú.
O ní bí ẹ bá ti ń ta ẹsẹ̀,
ẹran tó so kọ́ nísàlẹ̀ á máa jó.
N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni,
ṣùgbọ́n n kò rí ẹran lórí ìkọ́ mọ́ kí n má rántí rẹ.

Lọ́ńdọ̀nù kò pa ọ́, kò sì fún ọ ní àga.
Ọdún kìíní, ìwọ ni igi kẹta lápá òsì.
Ọdún kejì, o di obìnrin tó ń gbé agbọ̀n kọjá.
Ọdún kẹrin ni wọ́n tó fún ọ ní gbólóhùn kan:
“Ọ̀gá mi, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ti dé.”
Ìyá rẹ wọ reluwé wákàtí mẹ́ta wá gbọ́ ọ,
ó sì pàtẹ́wọ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọ́ ṣe adelé fún Rosalind Quarmby.
Adelé kì í gbàdúrà kí ọba kú,
ṣùgbọ́n ta ni yóò bi í léèrè ohun tó ń lá lóru?
Ọdún mẹ́rin. O mọ gbogbo orin rẹ̀, o mọ ibi tó ti ń mí,
o mọ orúnkún tó máa ń dùn ún bí òjò bá ṣú.
Tó bá wúkọ́ lórí àtẹ̀gùn, gbogbo wa á wò ọ́,
ìwọ á sì wo ilẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án péré ló ṣàìsàn.
Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n fi bébà pélébé kan sáàárín ìwé eré,
orúkọ rẹ lórí rẹ̀, tó ń já bọ́ sábẹ́ àga.
Mo ṣa mẹ́tàdínlógún níjọ́ kan nígbà tí èrò lọ tán.
Wọ́n ṣì wà nínú àpótí òwú mi.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan, èrò ò ju ogójì lọ,
àwọn arúgbó pẹ̀lú fúláàsì tíì wọn,
ohùn rẹ gòkè títí mo gbàgbé bọ́tìnnì tó wà lọ́wọ́ mi.
Onídùùrù ṣíwọ́. Kò sí nínú ìwé orin rẹ̀.
Ó jẹ́ kí o dá gbé e kọjá.
Kò sí oníròyìn níbẹ̀.
Èmi wà níbẹ̀.

Sunderland ló kù, eré Kérésìmesì, ọdún mẹ́fà gbáko,
ìwọ ni àjẹ́, àwọn ọmọdé ń hó lé ọ lórí,
inú rẹ ń dùn, orúnkún rẹ ń wú.

Wọ́n ti tún gbé eré ayaba dìde báyìí.
Nínú ọrùn ẹ̀wù náà: Pettifer, wọ́n fagi lé e.
Quarmby, wọ́n fagi lé e.
Tìrẹ wà lábẹ́ wọn, òwú pupa ni mo fi rán an,
láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Lánàá, wọ́n ní kí n tú u.
Mo mú abẹ. Mo tú lẹ́tà àkọ́kọ́, mo tú èkejì,
mo sì rí i pé ihò abẹ́rẹ́ kò dí.
Ọmọbìnrin tuntun náà, Imogen, dúró tì mí,
ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ọwọ́ ẹni tó ń la ẹja.
Ó ní, “Kí ló kọ síbẹ̀?”
Mo ní kó na apá rẹ̀.