Láti Lẹ́tà D Lọ

Díṣọ́nárì bàbá mi, láti D ló ti bẹ̀rẹ̀.
Ikán ti jẹ orí rẹ̀ kó tó rà á
lọ́wọ́ ọmọ tíṣà kan ní Arákálẹ̀.
Ọmọ náà búra pé kò sí nǹkan gidi nínú A.

Gíredà kòkó ni bàbá mi, ní sítọ́ọ̀ Òkè-Àró.
A fi ọ̀bẹ kékeré la hóró sí méjì,
a wò ó bóyá ó bu,
kó tó ní kí àpò náà wọlé.
Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń la gẹ̀ẹ́sì lálẹ́,
mẹ́ta, mẹ́ta, nídìí lántà,
ó ń kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì.

Òjò rọ̀ l'Ákùúrẹ́, ó ní fẹ̀nọ́mẹ̀nà ni.
Ewúrẹ́ Màmá Fadéyì jẹ èlùbọ́ wa,
ó fi ọ̀rọ̀ kan bú u tó gùn ju okùn ọrùn rẹ̀ lọ.
Ewúrẹ́ dúró, ó gbọ́ ọ tán,
ó tún bu ẹnu kan sí i.

Ìbíwùmí ìyá wa a máa tọ́ ọ:
“Kí ni wọ́n ń pe ọmọ ọwọ́?”
“Lẹ́tà ikán nìyẹn,” bàbá mi á ní,
wọn á jọ rẹ́rìn-ín títí iná lántà á fi rẹlẹ̀.

Ọyẹ́ ọdún náà ló mú un lọ.
Bàbá mi jókòó láti kọ̀wé gbààyè níbi iṣẹ́.
Ikú wà nínú D,
ní ojú ìwé àkọ́kọ́ tí ikán ṣẹ́ kù.
Ó rí i. Ó ṣí i kọjá.
Àwọn aládùúgbò ń wọlé, wọ́n ń jáde:
ẹ kú aráfẹ́rakù, ẹ kú ìrọ́jú.
Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì,
bí ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.
Ohun tó padà fi ránṣẹ́ sí máníjà kò ju ìlà kan:
Ìbíwùmí kò sí nílé mọ́.

Ìdáhùn dé lọ́jọ́ kẹta, gẹ̀ẹ́sì ni.
Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀, C ló fi bẹ̀rẹ̀.
Ó nà án sí mi, èmi tí mo wà ní fọ́ọ̀mù kejì.
Mo ní, “Wọ́n ní àwọn bá yín kẹ́dùn ni.”

Ó fi èékánná fa ìlà gba àárín ọ̀rọ̀ náà,
ó gbé e súnmọ́ iná, ó wò ó pẹ́.
“Kò bu,” ló wí.
“Ẹ jẹ́ kó wọlé.”