Afẹ́fẹ́ Fẹ́lẹ́ ní Potosí

Don Severo gbé e wọlé nínú aṣọ ìpọnmọ,
aṣọ híhun aláwọ̀ òṣùmàrè tí ìyàwó rẹ̀ fi tọ́ ọmọ méje,
ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni sọ ẹrù ẹyin.
Kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ awakùsà ni.
Funfun rẹ̀ ti di àwọ̀ eyín amutábà,
eruku òkè ti dí ihò imú rẹ̀.
"Wilma," ó ní, "ó ń húkọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo tẹ bọ́tìnnì.
Fáànù kọ́kọ́ kùn bí ológbò tí wọ́n jí lójú oorun,
lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ:
kẹ́. Kẹ́. Kẹ́.
Ó dákẹ́.
Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́.
Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Mi ò kánjú.
Mo pààrọ̀ wáyà iná,
mo pààrọ̀ wáyà pẹlẹbẹ tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ tó ń gbé e bọ̀.
Kẹ́.
Mo ti ìdí sukudíráfà bọ etí, mo fi ṣóńṣó rẹ̀ kan irin:
apá kékeré kan ń jáde lọ wá ojú ọ̀nà,
kò rí i,
ó sáré padà wálé, ó forí gbá ògiri.
Bẹ́ẹ̀ ni dókítà ṣe máa ń tẹ́tí sí ẹ̀yìn bàbá mi.
A ní kó mí.
Bàbá mi a ní òun ti ń mí láti àárọ̀.

Àwọn tó ṣe é kìlọ̀ fún wa, lẹ́tà bí ẹsẹ̀ eèrà:
ẹ má lò ó níbi tó ga ju ẹgbẹ̀ẹ́dógún mítà lọ.
Potosí wà ní ẹgbàajì.
Orí tó ń kàwé nínú díìsìkì kì í fara kan àwo,
orí afẹ́fẹ́ ló ń fò, bí ẹyẹ tó rọra ń re ojú adágún kọjá,
àlàfo àárín wọn kò gba èéfín.
Afẹ́fẹ́ tiwa sì rèé, fẹ́lẹ́ ni,
ó ṣàn bí ọbẹ̀ ìparí oṣù.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni orí yìí fi fò lórí ohun tí kò tó gbé e.
Lọ́jọ́ kan ó já bọ́, ó ha àwo,
eruku tó ha sílẹ̀ ló tún wá ń ha òun náà.

Don Severo fọwọ́ ra àyà.
"Ẹ̀dọ̀fóró," ó ní.
Mi ò dá a lóhùn.

Ẹgbẹ̀rún orúkọ ó lé ogóje ló wà nínú rẹ̀,
ọdún tí kálukú wọ ihò, nọ́ńbà fọ́tò àyà rẹ̀.
Ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì ti ní
ìwé tí kò bá sí, àìsàn tí kò sí ni.
Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí n gbé e sínú fíríìjì.
Mo ní kó gbé orí tirẹ̀ síbẹ̀ ná.
Mo pa á. Gbogbo ìgbà tí a bá tàn án, ara rẹ̀ ló ń jẹ.

Ọkọ̀ alẹ́ ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Tarija, mo gbé e lé itan.
Etí mi ń dún pó, pó, bí òkè ṣe ń tú wa sílẹ̀.
Nísàlẹ̀ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ki, ó ń ta sánsán èso àjàrà.
Nínú yàrá Delmira, ìbátan mi, mo so wáyà,
mo tàn án lẹ́ẹ̀kan péré.
Kẹ́.
Mo dúró.
Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí kò já.
Mo ní kó kọ́kọ́ kó èyí tó rọrùn,
kó fo èyí tó le, kó padà síbẹ̀ bí agbára bá ṣẹ́ kù.
*Llanque, Aniceto. Ihò San Fermín. Ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì.*

Aago mẹ́rin ìdájí, ó dúró lórí orúkọ ẹgbẹ̀rin ó lé mọ́kànlá.
Iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú.
Fóònù dún. "Ṣé ó ń mí?"
"Ó ń mí."
"Fi aṣọ yẹn bò ó, kí òtútù má mú un."
Mo ní mo gbọ́.
Mi ò bò ó. Ooru ló ń pa wọ́n.