Má Fọwọ́ Kàn Án Ná

"Ẹ má fọwọ́ kàn án ná," ni Dókítà Houle wí.
"Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀."
Àwa mẹ́fà dúró nínú yìnyín tó mù wá dé orúnkún,
lẹ́yìn ìlú Dọ́fìn, ní Manitóbà,
òtútù ń rẹ́ etí wa jẹ bí eku.

Àgbọ̀nrín kan dùbúlẹ̀ sẹ́bàá igi,
ó ká ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ bí ẹni ń sinmi.
Kò sí ọta. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Kò sí ojú eyín ìkookò.
Ipa ẹsẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀:
ó lọ, ó yí po, ó padà síbi tó ti kúrò,
bí ẹni tó wọ yàrá tó gbàgbé ohun tó wá mú.

"Kí lẹ rí?"
Lorne ní ebi ló pa á.
Mo ní bóyá ogbó ni.
Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀:
"Ẹ ti dájọ́, ẹ ò tíì gbọ́ ẹjọ́."

A wọ ìbọ̀wọ́ lé ìbọ̀wọ́, a bo imú.
A kọ ọjọ́, a kọ wákàtí,
a ya fọ́tò kí ọ̀bẹ tó jáde.
Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà láti òkèèrè.
Itọ́ ti dì mọ́ ọn lágbọ̀n.
Àpòlúkù rẹ̀ sì kún fún ẹ̀ka wẹ́wẹ́.
Ebi kọ́ nìyẹn, Lorne.

Ó fi kókó méjì hàn wá lẹ́yìn ọ̀fun,
tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ,
àti ibi tí ọpọlọ ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn.
"Ibẹ̀ ni àrùn yìí ń sá pamọ́ sí.
Ó lè wà nínú erùpẹ̀ fún ọdún púpọ̀,
kó máa dúró de ẹnu."
Mo kó o sínú ìgò, mo lẹ ìwé mọ́ ọn:
nọ́ńbà mẹ́tàdínlógójì.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ní òtútù ni.

Kì í ṣe òtútù.
Àbúrò mi Àríyìíbí kú ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní Ìgbẹ́tì.
Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rìn bí ẹni tó mutí kó tó ṣubú.
Wọ́n ní ayé ni.
Kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀ ti pa dé.
Kò sẹ́ni tó kọ wákàtí.
Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa kó ẹrù rẹ̀ lóru
nítorí ojú tí a fi ń wò ó,
èmi náà sì wà lára àwọn tó sọ òkúta.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìwé dé láti Wínípẹ́gì.
Àgbọ̀nrín ti ní orúkọ ohun tó pa á,
pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ọjọ́.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì nínú ọkọ̀, mi ò sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pè wá:
kannakánná mẹ́ta lójú ọ̀nà, wọn ò mira.
Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀.
Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò,
mo wo ilẹ̀.