Àkùkọ Iloilo

Ní Vardø, òòrùn ti wọ inú òkun lóṣù kọkànlá,
kò tíì padà.
Aago mẹ́ta ọ̀sán, òkùnkùn biribiri.
Mo ti ibi iṣẹ́ ẹja dé, ìpẹ́ lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́ mi,
mo fi fóònù ti agolo iyọ̀,
mo pe ìyá mi.

Ní Iloilo, alẹ́ ni lóòótọ́, alẹ́ tó lópin.
Ó ti ta àwọ̀n ẹ̀fọn,
ó gbé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí bí ẹni gbé ọmọ jòjòló.
“Luz, o ti jẹun?”
“Mo ti jẹun, Nanay.”
Irọ́ ni.
Kò pa fóònù. Èmi náà kò pa á.
Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń sùn sínú oorun ìyá mi.
Mo mọ wákàtí tí ikọ́ ń dé sí i,
mo mọ gbígbó ajá Manong Eriberto,
mo mọ alùpùpù tó ń há lọ́fun kó tó dìde.
Bó bá di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ lọ́dọ̀ mi,
àkùkọ rẹ̀ á kọ lórí tábìlì mi,
á kéde ilẹ̀ mímọ́
fún yàrá tí ilẹ̀ kì í mọ́.

Lábẹ́ pákó tí mo ń tẹ̀, ọkùnrin kan ń gbé.
Oddmund. Ara àpótí lẹ́tà ni mo ti kà á.
Ẹ̀ẹ̀mejì la pàdé lórí àtẹ̀gùn.
Lẹ́ẹ̀kíní, ó yà fún mi, mo yà fún un,
ó yà, mo yà, ó fẹ́ dà bí ijó;
ó rẹ́rìn-ín, mo wo bàtà mi.
Lẹ́ẹ̀kejì, fóònù wà létí mi. Mo kàn juwọ́.
Kí ni ǹ bá sọ? Èdè wọn wúwo lẹ́nu mi,
ó rẹ̀ mí, ìyá mi sì ń dúró.

Lọ́jọ́ kan ọlọ́pàá obìnrin kan ilẹ̀kùn,
yìnyín ní èjìká rẹ̀.
Ṣé mo gbọ́ ohunkóhun nísàlẹ̀? Bí ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn?
Mo ní, mo gbọ́ àkùkọ.
Kò yé e. Kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ta ló wá pè yín?
Ó ṣí ìwé rẹ̀. Obìnrin kan ni, Nélida,
olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní Paysandú, ní Uruguay.
Ọdún mẹ́fà lòun àti Oddmund fi ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì,
ìgbésẹ̀ kan lójúmọ́.
Ẹṣin Oddmund ló kàn. Ẹṣin kò rìn.
Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rò pé ó ń ronú ni.
Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko wá nọ́ńbà ọlọ́pàá
ìlú tí kò lè pe orúkọ rẹ̀.
Nígbà tí wọ́n já ilẹ̀kùn, kọ̀ǹpútà ṣì ń tàn,
gbólóhùn kan náà lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án:
Oddmund, ṣé o wà níbẹ̀?

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Nélida kò rí ojú rẹ̀ rí.
Èmi rí i lẹ́ẹ̀mejì.

Wáyà kan náà ló gba inú ògiri wa kọjá,
tèmi ń lọ sí Iloilo, tirẹ̀ ń lọ sí Paysandú,
kò sí èyí tó yà sórí àtẹ̀gùn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tó ku díẹ̀ kí àkùkọ kọ,
mo gbé fóònù kúrò lórí tábìlì,
mo kúnlẹ̀, mo dojú rẹ̀ dé pákó.
Ó kọ. Ó tún kọ.
Ó ti pẹ́ jù, mo mọ̀.
“Luz,” ìyá mi jí, “kí ló dé tí ibẹ̀ ṣókùnkùn?”
“Kò sí nǹkan, Nanay.
Mò ń kí ará ìsàlẹ̀ ni.”