Iye tí Mo Kọ Sílẹ̀ ní Ojú-Òkúta

Òkun o, Mopélọ́lá. Jókòó.
Gbé fóònù yẹn súnmọ́ ojú mi.
Yàrá tí o fẹ́ gbà ní Ojú-Òkúta,
o ní o ti wádìí rẹ̀ lóru àná
títí bátìrì fi kú mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ẹgbàá ènìyàn ó lé mọ́kànléláàádọ́rin.
Ọmọ mi, mo mọ iye yẹn.
Ọwọ́ mi yìí ló kọ ọ́,
lọ́dún tí a ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ilẹ̀kùn.
Ìyá Bọ́dúnrìn dínà mọ́ mi,
ó ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.
Mo yọjú wo ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi,
bàtà wẹ́wẹ́ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀.
Mo pín in sí méjì, mo kọ márùn-ún.
Ilé kejì, baálé ní kí n ka àwọn tó wà l'Ékòó mọ́ ọn,
"Àbí ibòmíràn ni a bí wọn sí?"
Mo kà wọ́n.
Ilé kẹta, òjò dé.
Mo kọ mẹ́jọ, mo sáré.

Òjò ọjọ́ yẹn ló wà nínú fóònù rẹ.
Ẹnì kan dà á kọ lára ìwé wa,
òmíràn dà á kọ lára tirẹ̀,
o wá ń sọ fún mi pé ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló sọ ohun kan náà.
Ẹnu kan ni.
Gbohùngbohùn ló sọ ọ́ di mẹ́ta.

Oko kajú tó wà níbẹ̀ nígbà náà ti di ilé.
Òzóhú àtàwọn ẹbí rẹ̀ ti ti Òkénè dé,
òfì wọn ń ró láti àárọ̀.
Ta ló kà wọ́n?

"Àwọn adigunjalè Kàbà," wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà.
Fi ìka méjì fẹ àwòrán náà.
Wo ẹ̀yìn ọkùnrin tí wọ́n dè lókùn:
irin rélùwéè nìyẹn.
Ìgbà wo ni rélùwéè dé Kàbà tí ẹnikẹ́ni kò jí mi?

Ẹni tó ní àdúgbò náà kò ṣeé gbé,
ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá:
ó ní ilẹ̀ tó fẹ́ tà lódì kejì odò.
Ẹni tó ní àlàáfíà ibẹ̀ pọ̀ bí omi,
òun ló ni yàrá tí o fẹ́ háyà.

Ìwé àwọn ọlọ́pàá yóò sọ fún ọ
pé ewúrẹ́ méjì àti alùpùpù kan ló sọnù lọ́dún tó kọjá.
Òótọ́ ni.
Àmọ́ ìwé kì í gbọ́ ohun tí a kò sọ fún un.
Ojú ìyàwó kan lẹ́yìnkùlé mi wú fún ọ̀sẹ̀ méjì,
ó ní ilẹ̀kùn ló gbá òun.
Wọn kì í kọ orúkọ ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn.

Mi ò ní kí o má bẹ̀rù o.
Èmi gan-an, agogo mẹ́rin kì í bá mi lóko mọ́,
láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé àbúrò Jẹ́mírìn lọ,
tí a ta kọfí ọdún méjì kí ó tó wálé.
Wá a nínú fóònù rẹ, o kò ní rí i.
Ẹbí ní ká gbé e mì.

Kí o tó sanwó, lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án,
kí o tún padà lọ nígbà tí iná bá lọ.
Wo bí wọ́n ṣe ń tètè ti ilẹ̀kùn.
Bi ọmọ tó ń pọn omi léèrè ọ̀nà tí òun kì í gbà;
òun kò ní nǹkan kan láti tà fún ọ.

Tí o bá sì dé ilé kẹta, lápá ọ̀tún,
bá mi kí wọn.
Bá mi béèrè iye tí wọ́n jẹ́ lọ́dún náà lóòótọ́.
Ó ti pẹ́ tí mẹ́jọ yẹn ti ń dà mí lóorun láàmú.
Sọ fún wọn pé òjò ni.