Wákàtí Mẹ́ta ní Sabon Gàrí

Òǹtẹ̀ méjì àti ìka kan ni mo gbà
kí n tó lè ya ilẹ̀kùn bàbá mi ní Zaria.
Òǹtẹ̀ káńsù, tí tàdáwà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.
Òǹtẹ̀ àwọn tó ń yẹ fíìmù wò ní Kàdúná.
Mai Unguwa Tanimu kò ní òǹtẹ̀ ní tirẹ̀;
ó ki àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé,
ó bu omi nínú búùtà, ó fọ ìka rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù bi mí pé: Ta ló ni ibi tí ẹ fẹ́ yà?
Mo di kálámù mú, n kò kọ nǹkan kan.
Ẹni tó kọ́lé náà ti kú. Ẹni tó rà á wà ní Kánò.
Ẹni tó háyà rẹ̀ ń ta káàdì ìpè níwájú ìta.
Bàbá mi sì jókòó níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
ó ń rán babaríga fún ọkọ ìyàwó oníyàwó,
kò sì ra bíríkì kan.
Fọ́ọ̀mù ní: Kí ni ìdí?
Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò gùn ju ìka lọ.
Mo kọ "ìrántí".
Malam Sagir wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀,
ó ní ìrántí kò sí lára ohun tí àwọn ń gbowó lé,
kí n kọ "ìpolówó" tàbí kí n kọ "eré".
Mo kọ "eré". Ó gba owó eré.

Nílé wa, Sábó ni ibi tí Gàm̀bàrí ń gbé.
Níbí, Sabon Gàrí ni ibi tí wọ́n ní kí àwa máa gbé.
Bàtà kan náà ni,
ẹsẹ̀ tó ń wọ̀ ọ́ ló yàtọ̀.

Ìwé àṣẹ dé. Kámẹ́rà kan. Ènìyàn mẹ́jọ.
Aago mẹ́fà òwúrọ̀ sí mẹ́sàn-án, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀.
Ẹ má ya obìnrin tí kò bá gbà.
Ẹ má ya ṣọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ kósè ló ń rà.
Ẹ má ya ojú irin.
Ojú irin! Èyí tó gbé bàbá mi wá láti Ọ̀fà
tòun ti ẹ̀rọ ìránṣọ lórí itan rẹ̀ bí ọmọ tuntun!
Mo ní, "Malam, láìsí ojú irin,
báwo ni bàbá mi ṣe máa dé inú fíìmù yìí?"
Ó ní, "Kó wọ mọ́tò."

Wọ́n fi Zubairu tì wá, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan
tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa wo ohun tí Bitrus bá ń wò.
Ọyẹ́ kò gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Ó wọlé ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ó fi eruku fọ́ kámẹ́rà lójú.
Wọ́n sì ti kun ilẹ̀kùn náà ní àwọ̀ ọsàn.
Níbi ìsàlẹ̀ nìkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdè,
ni àwọ̀ ewé bàbá mi ti yọ jú díẹ̀.
Bitrus bẹ̀rẹ̀ sí fi èékánná họ ọ́.
Zubairu ní, "Híhọ kò sí nínú ìwé."
Ó wo ìwé. Ó wò mí. Ó tún ìwé wò.
Ó fa ọ̀bẹ kékeré yọ lápò,
ó ní òun náà kò ríbi tí wọ́n ti kọ̀ ọ́.

Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Bitrus tẹ kámẹ́rà.
Àwọ̀ ewé tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, kò sẹ́ni tó mí.
Àfi bí ọkọ̀ ojú irin ṣe fọn fèrè lẹ́yìn ilé,
ó fa fèrè náà gùn, bí ẹni tó ń pe ẹnìkan
tó mọ̀ pé ó ti sùn.
Gbogbo wa yíjú sí Zubairu.
Ó ṣí ìwé, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan dé ìsàlẹ̀.
"Ojú ni wọ́n dárúkọ," ó ní, "wọn ò dárúkọ etí.
Ẹ jẹ́ kó fọn tán."