Ọwọ́ Yìnyín

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti bẹ̀rẹ̀.
Mo mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀,
mo bu omi kún un, mo so ó lọ́rùn,
mo tẹ́ ẹ sínú fìrísà, láàárín ẹja àti ẹ̀wà tútù.
Kí n tó so ó, mo ju nǹkan kan sí i.
Ẹ má tíì béèrè.

Oṣù Ọ̀wàrà ń parí lọ ní Duluth,
kì í ṣe òjò ló ń rọ̀, yìnyín wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ni.
Atẹ́gùn adágún ń kan ilẹ̀kùn bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.
Àwọn ọmọdé ti wá, wọ́n ti kó súìtì Halowíìnì wọn lọ:
kìnnìún méjì, ọmọọba mẹ́ta,
àti ọmọ kan tó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ ni òun.
Aago mẹ́jọ lù, mo pa iná ìta.
Ó ku àwa àgbà,
àwa tí ẹ̀rù ń bà ní tòótọ́.

Delphine dé fìlà ṣóńṣó wọlé.
Eyín ló ń tún ṣe láti Ajé dé Ẹtì,
súìtì ló kọ́kọ́ nawọ́ sí.
Wendell, agbowó-orí, ya egungun sára aṣọ dúdú;
a ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀,
ẹ̀dà àwa tó bẹ̀ wò ni.
Latrice àti ọkọ rẹ̀ fi aṣọ ibùsùn bo ara, wọ́n lu ihò ojú,
wọ́n gbàgbé ihò ẹnu,
wọ́n wá ń wo ọtí bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó ti ṣí.
Arvid, aládùúgbò mi, ogójì ọdún lórí ọkọ̀ akẹ́rù adágún,
kò múra kankan. Ó ní, "Ojú mi yìí ńkọ́?"

Èmi? Àdán ni mí.
Agboòrùn tó ya ni mo gé ṣe ìyẹ́.
N kò ṣe eku, n kò ṣe ẹyẹ,
n kò ṣe ìyàwó mọ́, n kò sì ṣe opó.

Abọ́ gíláàsì ìyá Curtis ni mo po ọtí sí:
oje ṣẹ́rì, ráàmù, jínjà, ó pọ́n kùkù.
Mo bó rọ́bà kúrò, mo gbé ọwọ́ náà lé e lórí,
àtẹ́lẹwọ́ sókè, bí ẹni ń tọrọ.
Wọ́n pariwo. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.

Ọmọńdinrín ló kọ́kọ́ lọ. Àtàǹpàkò tẹ̀ lé e.
Wendell ní ẹ̀jẹ̀ òun ń ru.
Latrice ní báńkì tún ti kọ lẹ́tà.
Òkú oníbébà kún ara ògiri,
ọ̀rọ̀ orúnkún àti owó ilé la ń sọ.
Èmi ń ṣọ́ ìka kan ṣoṣo.

Ká!
Arvid dákẹ́, ó ki ìka sẹ́nu.
Delphine ti sáré dé, ó ní kó lanu,
ó rò pé eyín góòlù ló bọ́.
Òrùka ni.
Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ṣé ẹni tó rí i ló jẹ ẹ̀bùn?
Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."
Ọdún mẹ́rìndínlógún, ọ̀rọ̀ méjì.

Arvid nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.
Òun ló bá Curtis gbé àga sínú ọkọ̀ lóṣù Ẹrẹ́nà.
Ó nu òrùka náà mọ́ ṣòkòtò, ó ṣílẹ̀kùn,
ó fi há ìdí elégédé tí mo gbẹ́ lójú.
"Eléyìí ló léyín jù nínú wa," ó ní,
"kó máa bá wa jẹ ẹ́."
Ó pa dà wọlé, ó tún na ife.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́,
ọ̀kẹ́rẹ́ kan ti jẹ imú elégédé dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.
Mo dúró lójú fèrèsé, kọfí lọ́wọ́,
ìyẹ́ mi ṣì wà léjìká.
N kò lé e.